Àlùmágàjí Tí O Gbé Lé Ìyá Ọkọ Rẹ Lọ́wọ́

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le? Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó sì ní kí n má kọ ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ, pé o ò ráyè. Mo gbọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ń kọ lẹ́tà, kì í ṣe òun, yóò sì gùn. Tí o bá ti da aṣọ bo oníbàárà léjìká, gbé e sílẹ̀ ná. Tí ṣọ́ọ̀bù bá dá, jókòó sórí àga tí o máa ń mú wọn jókòó sí, kí o kà á tán.

O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí Bàbá ò kàn pè mí. Tí mo bá pè ọ́, o máa rẹ́rìn-ín, o máa ní, "Bàbá, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn," èmi náà á rẹ́rìn-ín, gbogbo ẹ̀ á di àwàdà. Mo fẹ́ yìn ọ́ ni, ojú sì máa ń tì mí láti yin ọmọ mi lójú ara rẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ní Ìsẹ́yìn nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ló ní yinni yinni, kẹ́ni ó ṣe òmíràn, nítorí náà mo fi bíírò yìn ọ́, kí o má baà rí ojú mi.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹ̀rù tó ń bà mí. Láti ọjọ́ tí a ti so yìgì rẹ ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. Mùdà ọkọ rẹ kọ́ ni mo ń bẹ̀rù, ọmọ dáadáa ni. Ẹnu rẹ ni. Láti kékeré, ohun tó bá dúdú, dúdú ni o máa pè é, ì báà jẹ́ níwájú ta ni. O ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ nígbà tí Lèmọ́mù wá kí wa, tí o gbójú sókè wò ó, tí o ní, "Ẹ káàbọ̀ sà, aṣọ yín ti ya lábíyá." Mo fẹ́ wọlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ilé bàbá ẹni lèèyàn ti lè máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́ ni. Ọmọ jòjòló tó bá ti wà níbẹ̀ kí o tó dé, ọkọ rẹ ni. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé lọ́jọ́ tí Àbẹ̀kẹ́ bá la ẹnu yìí nílé wọn, wọ́n á kó ẹrù rẹ̀ wá bá mi.

Ìdí nìyẹn tí àyà mi fi já lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí ìyá ọkọ rẹ sọ̀kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìsọlọ̀, tí Kúdírá àbíkẹ́yìn rẹ̀ ń tẹ̀ lé e, tó fi ìbòrí wé orí mọ́lẹ̀ dé ojú. Ilẹ̀kùn mọ́tò kan ni mo ń kùn. Mo gbé ọ̀dà sílẹ̀, mo nu bẹ́ǹṣì fún wọn, mo sì ń sọ nínú ara mi pé ó ti ṣẹlẹ̀. Ìyá Mùdà jókòó, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó fi orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ pè mí, ó ní, "Bàbá Rídíwàánù, ọ̀rọ̀ ìyàwó wa ni mo bá wá."

O mọ ọ̀rọ̀ náà jù mí lọ, ṣùgbọ́n fara balẹ̀ gbọ́ bó ṣe rí lẹ́nu ẹlòmíràn.

Wọ́n ní Kúdírá lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pé kó bá òun bó irun òun di góòlù. Bílíìṣì àkọ́kọ́ sọ ọ́ di pupa bí epo, kò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n tún da òmíràn lé e lọ́jọ́ kan náà. Ó di góòlù lóòótọ́, ṣùgbọ́n irun náà kú. Kò pẹ́ sí i ni ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní àwọn ti gbà á wọlé, wọ́n sì sọ fún un pé àwọn kò gba irun aláwọ̀ mèremère. Ìyá rẹ̀ ti ń sọ fún gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń ta bàtà ọmọdé ní Òṣòdì pé òun bí nọ́ọ̀sì. Ni Kúdírá bá ra dáì búráùn, torí búráùn ni irun tí Ọlọ́run dá mọ́ ọn, ó fi ìbòrí bo orí, ó gba Àgọ́ Palace lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìyàwó ilé wọn.

"Ìyàwó wa," ó ní, "ẹ bá mi fi eléyìí pa á kíá, kí màámi tó ti ọjà dé."

Wàyí o, ìwọ ni ìyàwó, òun ni ọkọ. O fi ọdún púpọ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n o kì í pe orúkọ rẹ̀. Adúmáadán ni o ń pè é, bí ìyá rẹ ṣe kọ́ ọ. Adúmáadán tó wá di góòlù, ẹ gbà mí. Ìyàwó mìíràn á ti pa dáì náà kí ọkọ má baà bínú. Ọ̀pọ̀ onídìrí tí mo sì mọ̀, ohun tí èèyàn bá gbé wá, "ẹ jókòó" ni wọ́n máa sọ. Wọn kì í mọ ohun tí kò ṣeé ṣe.

Kúdírá ní o kúnlẹ̀ lójú gbogbo oníbàárà. O ní, "Adúmáadán mi, ẹ̀yin lọkọ mi, ohun tí ẹ bá ní kí n ṣe ni mo máa ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká jọ wo nǹkan kan ná." O mú fọ́nrán irun díẹ̀ ní ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, o fi omi tọ́ ọ, o rọra fà á. Ó nà bíi rọ́bà, kò padà, ó sì já. O fi lé e ní àtẹ́lẹwọ́.

"Tí mo bá fi dáì yìí kùn ún lónìí," o ní, "àwọ̀ ewé gbígbẹ ló máa gbé jáde, ẹ ó sì bá ìyókù nínú kọ́ọ̀mù. Mi ò lè ṣe é lónìí. Ibi tó ti kú, a máa kọ́kọ́ gé e ná."

Ọmọ náà bú sẹ́kún, ó gbé báàgì rẹ̀, ó gba ilé lọ. Nígbà tí ìyá rẹ̀ fi máa ti ọjà dé, ọ̀rọ̀ ti yí padà: ìyàwó ti ní òun máa gé irun Kúdírá.

"Mo bi wọ́n pé ta ló kú," Ìyá Mùdà sọ fún mi. Kò fi pamọ́, obìnrin yẹn náà kì í purọ́. "Ta ló kú nílé yìí tí wọ́n á fi gé irun ọmọ mi? Ìyàwó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ wọlé lánàá yìí?"

Mo mọ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Irun opó ni wọ́n ń gé nílé wa. Kí ìyàwó tuntun wá mú àlùmágàjí sórí ọmọ ilé ọkọ rẹ̀, gbogbo ẹbí ló máa gbé e sẹ́nu. Mo ń retí kó sọ ohun tí o fi fèsì, mo sì ti ń wá ẹ̀bẹ̀ tí mo máa bẹ̀.

Ó ní o kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá òun. O ní, "Màámi, òótọ́ ni mo sọ, mi ò lè yí i padà, ṣùgbọ́n ẹ má bínú. Èmi ò lè mú àlùmágàjí sórí ọkọ mi. Ẹ̀yin tí ẹ bí i lẹ lè mú un. Ẹ bá wa dé ṣọ́ọ̀bù lọ́la. Mo máa fọwọ́ hàn yín ibi tó ti kú, ẹ̀yin ni kí ẹ gé e."

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, o gbé àga fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, o fi ọwọ́ méjèèjì gbé àlùmágàjí lé e lọ́wọ́. Ó ní nígbà tí òun fi ìka ara òun kan irun náà, tó ń rún bíi koríko ẹ̀ẹ̀rùn, ni òun tó mọ̀ pé o ò purọ́ mọ́ ọmọ òun. Ó gé ìdì kan, ó gé ìkejì, kò gún. Ló bá dá àlùmágàjí padà fún ọ. "Gba ìyókù gé, ọmọ mi," ó ní. "Ọwọ́ tìrẹ ló mọ̀ ọ́n."

Àbẹ̀kẹ́, nígbà tó sọ̀rọ̀ débẹ̀, mo ní kó dúró ná. Mo lọ sẹ́yìn mọ́tò, mo ń ṣe bí ẹni tó ń wá àkísà. Ẹkún ni mo ń sun. Tó o bá sọ fún ìyá rẹ, màá ní ọ̀dà ló ta sí mi lójú.

Ìyókù, Kúdírá ló sọ ọ́, ẹnu rẹ̀ ò sinmi. Ó ní o fi ìpara tó ń fún irun lókun sí i, o fi omi tútù fọ̀ ọ́, o ò jẹ́ kí díráyà sún mọ́ ọn, o sì dá a padà sílé pé kó jẹ́ kí irun náà sinmi fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó padà wá, tí ìyá rẹ̀ tún tẹ̀ lé e, o da aṣọ bo dígí. Ó ní òun ò mọ ìdí rẹ̀ àfìgbà tí ìyá òun figbe ta. Pupa ni o kọ́kọ́ pa á. Búráùn ni wọ́n bẹ̀ ọ́, pupa bí erùpẹ̀ Ìsẹ́yìn ni wọ́n rí. Ìyá Mùdà ti dìde dúró. Ìwọ ò gbé ohùn sókè. O ní, "Màámi, irun yìí gba pupa kọjá kó tó dé góòlù. Ọ̀nà tó gbà lọ náà ló máa gbà bọ̀. Tí mo bá fo pupa, búráùn ò ní rí nǹkan dì mú."

Èmi tí mo ń fi kíkun mọ́tò jẹun, mo rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo gbọ́ ọ. Kí ni mo ti ń ṣe láti ọjọ́ tí mo ti dé Èkó? Ọ̀dà pupa ìsàlẹ̀ ni à ń kọ́kọ́ fún bọ́dì tí ìpẹtà ti jẹ, kí a tó fún un ní àwọ̀ tí olówó rẹ̀ fẹ́. Mi ò kọ́ ọ, o ò sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rí nídìí iṣẹ́ yìí. O fi orí ara rẹ kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ, o sì lóye rẹ̀ débi tí o fi lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó ń bínú.

Kúdírá wo ọ̀tún wo òsì, ó ní bàbá òun ni mo jẹ́, ó sì ká ìbòrí kúrò. Ojú akunmọ́tò ni mo fi wò ó, mo sì le lójú. Mo wá ibi tó ṣe wúruwùru, mi ò rí i. Irun kúkúrú ni, kò kọjá etí, búráùn láti ìdí dé ṣóńṣó, kò dà bí ohun tí wọ́n kùn rárá. Ó ní o mú dáì tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ ju èyí tí òun rà lọ, pé irun tó bá ti gbẹ bẹ́ẹ̀ máa ń mu dáì ju bó ṣe yẹ lọ, àwọ̀ rẹ̀ á sì dúdú kọjá ohun tí wọ́n fẹ́. Ìyá rẹ̀ ń wo èmi náà bí mo ṣe ń wò ó. Nígbà tó yá, ó ní, "Bàbá Rídíwàánù, ẹ ṣeun tí ẹ bí i." Ohun tó bá wá nìyẹn. Ó wọ kẹ̀kẹ́, ó lọ.

Ó yá, ìmọ̀ràn. Mi ò lè kọ lẹ́tà kí n má gbani nímọ̀ràn, bàbá ni mí.

Èkíní, "rárá" tí o máa sọ, máa tètè sọ ọ́, bí o ṣe ṣe yẹn. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró, Alhaji kan láti ìlú wa gbé mọ́tò wá bá mi, ó fẹ́ gbé e lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Gbogbo abẹ́ ilẹ̀kùn ti di ìpẹtà. Àgbà ìlú ni, mi ò lè sọ fún un pé mọ́tò rẹ̀ ti jẹrà. Mo fi ọ̀dà bò ó, ó ń dán, ó gbàdúrà fún mi. Òjò méjì ni, ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Tí mo bá rí i lókèèrè ní Òṣòdì, mo máa gba ẹ̀yìn ojú irin sá lọ. Ojú tí mi ò fẹ́ tì í lọ́jọ́ kan ṣoṣo ló wá ń tì mí fún odidi ọdún. Ìwọ ò ní sá fún ẹnikẹ́ni nílé ọkọ rẹ, ìyẹn ló sì dùn mọ́ mi jù.

Èkejì, orúnkún rẹ. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ẹni tó bá ń sọ òótọ́ kò lè kúnlẹ̀, ẹni tó bá sì kúnlẹ̀, kò ní lè sọ òótọ́. O ti já mi nírọ́. O kúnlẹ̀ fún ọmọ tó kéré sí ọ, o kúnlẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ ò sì yí padà nínú ìkúnlẹ̀ méjèèjì. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ọ̀kan ló yẹ kí o mú. Àwọn kan ṣì máa wá tí wọ́n á fẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ náà kúnlẹ̀. Kí wọn dáadáa, kí o má gbà fún wọn.

Ẹ̀kẹta, ẹnu rẹ tí mo ń bẹ̀rù yìí. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ tán pátápátá, o wá kí wa, o jẹun lọ́dọ̀ ìyá rẹ, o ò sọ fún un. Ẹnu àwọn tó ni orí la ti gbọ́ ọ. Ohun tí onídìrí bá rí lábẹ́ ìbòrí oníbàárà, abẹ́ ìbòrí náà ló yẹ kó wà. Mi ò mọ̀ pé o mọ èyí. Má ṣe gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ tí inú bá bí ọ sí Kúdírá.

Torí ó máa bí ọ. Ó ti sọ fún mi pé òun máa bẹ̀ ọ́ kí o bá òun fi rìláásà sí i kó lè nà dáadáa. Má dá a lóhùn. Ó dìgbà tí irun tuntun bá hù, tí o sì ti gé èyí tó jìyà yìí kúrò díẹ̀díẹ̀.

Mi ò rántí ibi tí mo kà á dé mọ́. Ìbọ̀wọ́ rẹ ńkọ́? Ìyá rẹ ní òun rí dáì lábẹ́ èékánná rẹ. Máa wọ ìbọ̀wọ́, kí o sì máa ṣí wíńdò tí o bá ń po nǹkan wọ̀nyẹn. Nígbà èwe wa, ẹni tó bá fi aṣọ bo imú nídìí ọ̀dà, a máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé obìnrin ni. Ikọ́ tí o máa ń gbọ́ láti yàrá mi láàárọ̀, yẹ̀yẹ́ yẹn ló bí i.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ. Tí ìwọ àti Mùdà bá jà, ẹ jókòó sọ ọ́. Nígbà tí a jẹ́ ọ̀dọ́, tí mo bá ṣẹ ìyá rẹ, súyà ni mo máa ń rà wálé. Ó máa jẹ súyà náà tán, ó máa nu ẹnu, ìjà á sì kù síbi tí a fi í sí. Ó ṣì ń ka àwọn kan nínú rẹ̀ fún mi títí dòní. Tí o bá fẹ́ ra súyà, rà á, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Èyí tó kẹ́yìn kì í ṣe ìmọ̀ràn. Ẹ̀bẹ̀ ni.

O mọ̀ pé mo ń pa dáì dúdú sórí mi. Mo rò pé ìkọ̀kọ̀ ni mò ń ṣe é, ní balùwẹ̀, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́, ṣùgbọ́n ìyá rẹ ní ìrọ̀rí mi ti tú àṣírí mi tipẹ́. Nígbà tí o ṣì ń kọ́ṣẹ́, o gbé iná fóònù rẹ sí orí mi lọ́jọ́ kan, o ní, "Bàbá, dáì yìí ti ń jẹ yín lórí, egbò wà níbí. Ẹ jẹ́ ká gé gbogbo rẹ̀, kí ẹ fi ewú sílẹ̀." Mo pariwo mọ́ ọ. Mo ní kí lo mọ̀. O ò kúkú purọ́, ó ń jẹ mí lórí, ó ń yún mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí àwọn tó ń gbé mọ́tò wá rí mi bí arúgbó tí ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n.

Ìyá ọkọ rẹ gbà fún ọ, ọmọ náà gbà fún ọ. Èmi tí mo bí ọ ló kù. Lọ́jọ́rú, tí oníbàárà bá ti ń dínkù, mo máa wá sí Àgọ́ Palace. Mo mọ̀ pé ọkùnrin kì í sábà jókòó sí ṣọ́ọ̀bù yẹn. Kí àwọn obìnrin ibẹ̀ rẹ́rìn-ín bó bá ṣe wù wọ́n. Mi ò ní mú dáì kankan wá. Tí mo bá wọlé, má kúnlẹ̀ fún mi, mo ti gba ìkúnlẹ̀ rẹ tó. Dúró lẹ́yìn mi, mú àlùmágàjí rẹ, kí o tún ọ̀rọ̀ tí o sọ lọ́jọ́ yẹn sọ. Mo máa gbọ́ ọ báyìí.

Èmi ni, bàbá rẹ, tó ń fi orí rẹ̀ rán ọ níṣẹ́.